Ọpẹ́ Kì í Ṣe Ìdákẹ́

     

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ àti ìforítì ni wọ́n ní kí n sọ. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọpẹ́ ti sú mi.

Nígbà tí mo parí ìsìnrúùlú, mo wá iṣẹ́ fún ọdún kan ààbọ̀, n kò rí. Ní ibì kan tí wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó rí ìdè Ifá ní ọrùn ọwọ́ mi. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí àwọn máa bá ọ̀rọ̀ lọ, kí n kọ́kọ́ bọ́ ọ. (Ifá tí àjọ UNESCO ti kéde ní 2005 pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá gbogbo aráyé ni ó ní kí n bọ́ àmì rẹ̀ o.) N kò bọ́ ọ. Ìbéèrè tí wọ́n bi mí lẹ́yìn èyí kò ju ẹyọ kan lọ. Láti ọjọ́ náà, bí ènìyàn bá bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, ẹnu mi kì í gba "a dúpẹ́" mọ́. "Ó wà bẹ́ẹ̀" ni mo máa ń wí. Àwọn ará ilé bá mi wí títí. Wọ́n ń rán mi létí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Oore wo? Ìyẹn ni mo ń bi wọ́n nínú ọkàn mi.

Olúwo mi nìkan ni kò bá mi wí. Ó tẹ́ ẹní, ó fi owó lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sọ gbogbo ohun tí ó ń dùn mí sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti dá Ifá rí mọ ohun tí mo ń wí: ẹni tí ó wá ṣàyẹ̀wò ni í kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ó ń bá owó sọ ọ́, babaláwo kì í gbọ́. Mo ti kọ́ èyí láti kékeré, mo sì ti ń ṣe é fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni ó tó yé mi pé ẹ̀dùn ọkàn ni a fi ń kan ilẹ̀kùn Ifá. A kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé kí ó kọ́kọ́ dúpẹ́ kí a tó gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ wo ẹsẹ Ifá fúnra rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nínú ìwé rẹ̀ lórí lítíréṣọ̀ Ifá tí ó jáde ní 1976, fi hàn pé ẹsẹ Ifá lè ní tó ìpín mẹ́jọ. Orúkọ awo a kọ́kọ́ wá, orúkọ ẹni tí a dá Ifá fún a tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ìdí tí ó fi wá: òmíràn ń sunkún àìrọ́mọbí, òmíràn kò ní owó lọ́wọ́, òmíràn wà láàárín ọ̀tá. Wọ́n yan ẹbọ fún un, ó gbọ́, ó rú u. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dayọ̀ ni ó tó padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ awo rẹ̀, awo náà a sì gbé ọpẹ́ ọ̀hún lọ bá Ifá. Ẹ kíyè sí i pé ọpẹ́ náà kò dúró sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ sì kíyè sí ibi tí ó wà. Ẹbọ, èyí tí í ṣe ìnáwó àti iṣẹ́ ọwọ́, ni ó wà láàárín ìṣòro àti ọpẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó ń sọ fún ọ̀dọ́ tí kò níṣẹ́ pé kí ó ṣáà máa dúpẹ́, tí kò bá a wá iṣẹ́, tí kò fún un ní oúnjẹ, ìparí ẹsẹ ni ó ń kì láìkì ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ojúgbọ̀nà tí yóò gba irú ìkì bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọmọ awo.

Ohun tí Olúwo mi wá ní kí n máa ṣe kò le. Ní ọ̀sẹ̀ Ifá kọ̀ọ̀kan, kí n tó fi omi àti obì bọ Ifá, kí n dárúkọ ènìyàn mẹ́ta tí ó ṣe nǹkan fún mi láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni ọ̀sẹ̀ ìbílẹ̀ wa ń yí po, àyè kò sí láti gbàgbé. Mo rò pé n kò ní rí ẹnì kan. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo dárúkọ ìyá alákàrà tí ó ń tà fún mi ní àwìn, ọlọ́kadà tí ó gbé mi tí ó ní kí n mú owó mi lọ, àti àbúrò mi obìnrin tí ó lọ ẹ̀wù kan ṣoṣo tí mo ń wọ̀ lọ wá iṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ojú mi ti ń wá orúkọ kiri àdúgbò. Iṣẹ́ kò tí ì sí. Ìbínú mi sí àwọn tí ó ní kí n bọ́ ìdè kò sì tán. Kò tán títí di òní, Olúwo mi kò sì ní kí ó tán. Ṣùgbọ́n mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo sì ń kó àwọn ọmọ àdúgbò jọ ní ìrọ̀lẹ́, mo ń kọ́ wọn ní ìwé àti Ifá.

Bí ẹ bá gbọ́ tí àwọn ará Kúbà ń dúpẹ́ níbi ọdún yìí, ẹ tẹ́tí dáadáa. "Modupué" ni wọ́n ń pè é. "Mo dúpẹ́" tiwa ni. Ọkọ̀ ẹrú ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ, 1886 ni oko ẹrú sì tó dópin ní Kúbà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé oko ẹrú ni wọ́n ń dúpẹ́ fún. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òrìṣà àti lọ́wọ́ ara wọn, lábẹ́ òfin tí ó kà wọ́n sí dúkìá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń wá ọ̀nà òmìnira lákòókò kan náà.

Ní ọ̀sẹ̀ Ifá tí ó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì wá sílé mi. Mo bi í pé ṣé àlàáfíà ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó wà bẹ́ẹ̀." Mo tẹ́ ẹní, mo fi owó lé e lọ́wọ́.