Ìṣẹ́jú Kan Péré: Bí Mo Ṣe Kúrò Lórí Àga Tí Mo Di Ẹni Tó Ń Sáré

Bó bá jẹ́ inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ wà, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ tòní ò gùn.

Eré sísá ni mo fẹ́ bá yín sọ. Ẹ má tíì pa á o! Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ níbẹ̀ pé, "Ìyẹn kì í ṣe tèmi." Ohun témi náà sọ nìyẹn lọ́dún tó kọjá.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló fà á. Ó ti ń bá wọn fínra tipẹ́, wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi dandan lé e pé kí gbogbo àwa ọmọ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Ọmọ ọdún 29 ni mí, mo rò pé eré lásán ni. Nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta: 148 lórí 94. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ tiẹ̀ máa ń rìn rárá?"

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mi ò rí èsì fún un. Láti ilé dé ibi tí mo ti ń wọ dáńfó, láti dáńfó dé orí àga ọ́fíìsì. Gbogbo ìrìn mi nìyẹn. Dókítà ní kí n dín iyọ̀ kù, kí n máa padà wá wọ̀n ọ́n, kí n sì wá eré ìmárale kan ṣe.

Ni mo bá ra bàtà kánfáàsì tuntun lọ́jọ́ Sátidé. Nígbà tó di Mọ́ńdè, mo jáde, mo sì sá eré bí ẹni tí ajá ń lé. Mi ò tíì dé ìkángun òpópónà wa tí àyà mi ti ń lù kì-kì-kì. Ìyá alákàrà pariwo pé, "Ọmọ mi, ta ló ń lé ẹ?" Ojú tì mí, mo tún wá fi kún eré! Ọjọ́ mẹ́rin ni mo sá a léraléra. Ní ọjọ́ karùn-ún, ojúgun mi méjèèjì ń ro mí débi pé ẹ̀gbẹ́ ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó. Mo ní ara mi ò gbà á.

Irọ́ ni. Ara mi gbà á, èmi ni mo kánjú. Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn nìyí: ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró máa ń tètè mọ iṣẹ́ tuntun lára, àmọ́ egungun àti àwọn iṣan tó so mọ́ ọn máa ń pẹ́ kí wọ́n tó le. Èémí èèyàn lè ti gbé e kí ojúgun rẹ̀ tó ṣe tán. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń fara pa.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wá sọ fún mi nípa ètò kan tí wọ́n ń pè ní Couch to 5K. Ará Amẹ́ríkà kan, Josh Clark, ló gbé e kalẹ̀ ní 1996, fún ẹni tí kò sáré rí. Ọ̀sẹ̀ 9 ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ lẹ ó máa jáde, ẹ ó sì máa fi ọjọ́ ìsinmi sáàárín. Áàpù rẹ̀ wà lórí fóònù, òmíràn lára wọn ọ̀fẹ́ ni.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ ó kọ́kọ́ rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ ó sáré jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú kan péré, ẹ ó rìn fún ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀, ẹ ó tún sáré. Báyìí lẹ ó máa ṣe é títí ogún ìṣẹ́jú á fi pé. Lọ́sẹ̀ kejì, eré á di ìṣẹ́jú kan àti ààbọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ ó bá ìṣẹ́jú 3 pàdé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá eré yín ti pọ̀ jù? Ẹ sọ̀rọ̀. Bí ẹ ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí láì mí hẹlẹ, ẹ dín in kù. Èmi a máa ka orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Tí mi ò bá lè dé orí àbíkẹ́yìn, mo ti ń kánjú nìyẹn.

Ẹ má rò pé gbogbo rẹ̀ dùn o. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, níbi tí ìṣẹ́jú 5 ti kọ́kọ́ wọlé, mi ò lè parí ẹ̀. Mo tún ọ̀sẹ̀ náà ṣe látìbẹ̀rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó nà mí. Ọjọ́ kẹta ọ̀sẹ̀ karùn-ún ló bà mí lẹ́rù jù: ogún ìṣẹ́jú gbáko, láì rìn! Bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 8 lọ́nà méjì ni mo sá ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mi ò sùn dáadáa mọ́jú ọjọ́ náà. Mo lọ, mo sá a bí ìgbín, mo parí ẹ̀, mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, mo sunkún. Ìyá alákàrà fún mi lómi.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 9 pé, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo sá láì dúró. Kìlómítà 5 kọ́ o! 3.8 ni. Kò burú. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni mo wá.

Ẹ̀yin ará ìlú ńlá bíi tèmi, ẹ gbọ́ díẹ̀ sí i. Ẹ jáde ní òwúrọ̀ kí oòrùn tó mú, àmọ́ kí ilẹ̀ mọ́ díẹ̀. Ẹ wá ẹnì kejì bó bá ṣeé ṣe, pàápàá ẹ̀yin obìnrin. Etí kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ki ohun ìgbọ́rọ̀ sí, kẹ́ ẹ lè gbọ́ ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àyà máa ń dùn yín, ẹ rí dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ pé òògùn lẹ ń lò, ẹ má fi eré pààrọ̀ òògùn. Nígbà tí mo padà lọ wọn tèmi, 132 lórí 84 ni. Dókítà ní kí n má dáwọ́ dúró.

Ẹ jẹ́ n fi èyí parí. Bàbá mi ń fi ọ̀pá rìn nínú ọgbà ilé báyìí. Ẹni tó ń kọ́ wọn ní ìrìn ní kí wọ́n máa ka ìṣísẹ̀ wọn, kí wọ́n máa fi díẹ̀ kún un. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, kò sí ìkíni gígùn mọ́. Wọ́n á ní, "Mélòó lónìí?"

Lọ́jọ́ kan mo ní, "Ìṣẹ́jú 22, Bàbá."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Èmi, ìṣísẹ̀ 40. Màá bá ẹ."

Ẹ̀yin ńkọ́? Ìṣẹ́jú kan péré ni mo ní kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti sá a, ẹ kọ̀wé sí wa, kẹ́ ẹ sọ ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ wà. Ó dìgbà kan ná o.