Ẹ Jẹ́ Ká Ka Akàn Kí Iyanrìn Tó Dé

Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń bi ara wọn léèrè pé kí ló kan ará Rẹ́mọ nínú ọ̀rọ̀ etíkun. A kì í gbọ́ híhó òkun láti Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ ò sì ní èbúté. Ṣùgbọ́n ẹ wo kòtò ràgàjì tí wọ́n ti ń wa òkúta ẹfun fún sìmẹ́ǹtì ní Ṣàgámù níbí. Bí ẹ bá fọ́ òkúta inú rẹ̀, ìkarahun ẹ̀dá òkun lẹ máa bá níbẹ̀, ẹ ó sì tún bá akàn tó ti di òkúta. Òkun ló bo ilẹ̀ yìí mọ́lẹ̀ ní nǹkan bíi 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké tó kú sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ la fi ń mọlé lónìí.

Ìdí kejì tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Odò Ìbú, odò Uren àti àwọn odò yòókù tó ń ṣàn ní Rẹ́mọ, apá ọ̀sà Èkó ni wọ́n kọjú sí. Iyanrìn tí òjò ń fọ̀ kúrò lórí ilẹ̀ wa ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Létí ọ̀sà náà, títí dé Májídùn ní Ìkòròdú lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa, iyanrìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń jẹun. Òmùwẹ̀ á rì wọ ìsàlẹ̀ omi pẹ̀lú garawa, á bù ú sínú ọkọ̀, típà á sì kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ iyanrìn, ọ̀rọ̀ wa ló ń sọ.

Ìbéèrè tí mo gbé wá kò gùn. Bí òkun bá jẹ etíkun kan, tí ìjọba sì da iyanrìn tuntun sí i, báwo la ṣe máa mọ ohun tí iyanrìn náà fi ojú àwọn ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé ibẹ̀ rí? Ìdáhùn tèmi ni pé a ò lè mọ̀ ọ́n láéláé bí a ò bá kà wọ́n ṣáájú. Ibi tí a ti ń kùnà gan-an nìyẹn.

Láàárín 1908 sí 1912 ni ìjọba amúnisìn mọ àwọn ògiri òkúta sí ẹnu òkun Èkó kí ọkọ̀ ńlá lè ráyè wọlé. Kó tó di ìgbà náà, iyanrìn ń rìn létíkun láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn, torí pé láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ ló sì fi ń lu ilẹ̀. Ògiri yẹn dá iyanrìn dúró. Apá ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n ń pè ní Lighthouse Beach, bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò. Apá ìlà oòrùn, ìyẹn Bar Beach ní Victoria Island, ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Nígbà tí àwọn ọdún 1950 fi máa parí, òkun ti gba ilẹ̀ tó ju kìlómítà kan lọ níbẹ̀. Ní àwọn ọdún mìíràn, mítà 20 sí 30 ló ń lọ.

Iyanrìn ni wọ́n fi wò ó. Ní 1958 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í da iyanrìn tí wọ́n fà láti ojú ọ̀nà ọkọ̀ sí ìdí ògiri ìlà oòrùn. Láti 1960 sí 1968, wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lórí ògiri náà gan-an, ó ń tu nǹkan bíi 660,000 kúbíìkì mítà sí etíkun lọ́dọọdún. Ní 1974 sí 1975, mílíọ̀nù 3. Ní 1981, mílíọ̀nù 2. Ní 1985 sí 1986, mílíọ̀nù 3. Ní 1990 sí 1991, mílíọ̀nù 5. Ká ní típà kan ń gba kúbíìkì mítà 10, èyí tó kẹ́yìn yẹn nìkan jẹ́ ẹrù típà 500,000. Àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní ti Bar Beach, onílé kò káwọ́ gbera o. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀ ni òkun wá kó padà.

Mo ka àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn sí yín létí torí pé mo fẹ́ kí ẹ fi etí sílẹ̀ sí ohun tí kò sí nínú wọn. Ọdún wà níbẹ̀, iye iyanrìn wà níbẹ̀, mítà tí òkun jẹ wà níbẹ̀. Nínú àtòjọ yẹn, kò sí ìlà kan ṣoṣo fún akàn.

Kí ló tilẹ̀ ń gbé inú iyanrìn etíkun? Ojú ni kò rí i. Lókè, níbi tí omi kì í sábà dé, akàn funfun ń gbẹ́ ihò tó lè jìn tó mítà kan, alẹ́ ló sì máa ń jáde wá jẹun. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ìgbì ń sáré gùn tó tún ń sáré padà, ẹ̀dá mìíràn ló ni ibẹ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju èékánná lọ, ìkarahun rẹ̀ pín sí méjì, àwọn onímọ̀ ń pè é ní Donax. Bí ìgbì bá tú u síta, àárín ìgbì kan sí èkejì ló gbọ́dọ̀ fi wọlẹ̀ padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, omi á gbé e lọ tàbí kí ẹyẹ ṣà á jẹ. Àwọn ekòló òkun wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni àwọn akàn kékeré tó ń fi ìdí wọlẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹja tó ń sún mọ́ ilẹ̀ ń bọ̀ wá jẹ, ẹja yẹn náà ni àwọn Ègùn ní Àgbádárìgì ń fa àwọ̀n lé lórí láti etíkun.

Ẹ wá da iyanrìn tó ga tó mítà kan lé gbogbo wọn lórí. Díẹ̀ á rá jáde, ọ̀pọ̀ á kú. Ìyẹn kì í ṣe ohun ìjiyàn láàárín àwọn onímọ̀. Ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni bóyá wọ́n á padà wá, àti ìgbà wo. Irú iyanrìn tí a dà ló ń pinnu ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá kúnná jù, omi á dàrú, á sì dí ohun tí wọ́n fi ń sẹ́ oúnjẹ nínú omi. Bó bá le, tó kún fún èérún ìkarahun, Donax ò ní lè wọlẹ̀ kí ìgbì kejì tó dé. Ìjàpá òkun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí katakata bá ti tẹ iyanrìn mọ́lẹ̀ kó le, ìyá ìjàpá ò ní lè gbẹ́ ihò ẹyin. Bí àwọ̀ iyanrìn bá ṣú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, á máa gbóná sí i, ooru ihò sì ló ń pinnu akọ àti abo: ní nǹkan bíi 29°C, ó máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì sí ìdajì, bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, abo ló máa pọ̀.

Iṣẹ́ kíkà yìí fúnra rẹ̀ kò nira. Ẹ ó na okùn láti orí iyanrìn gbígbẹ wọ inú omi. Ní ojú ibi mélòó kan lára okùn náà, ẹ ó ti páìpù bọlẹ̀, ẹ ó fa iyanrìn tó wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ ó dà á sínú asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan, ẹ ó sì fi omi òkun jọ̀ ọ́. Iyanrìn á lọ, ẹ̀dá á kù. Ẹ kà wọ́n. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ẹ ka ihò akàn kí ẹsẹ̀ ènìyàn tó bà á jẹ́. Ẹ wọn bí hóró iyanrìn ṣe tóbi tó. Akẹ́kọ̀ọ́ girama lè ṣe gbogbo rẹ̀.

Ibi tó ti le ni àkókò àti àfiwé. Lásìkò òjò, ìgbì Èkó máa ń le sí i, ẹ̀dá inú iyanrìn sì lè dín kù fúnra wọn láìsí ọwọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Bí a bá wá ka etíkun ní oṣù Kejì, tí wọ́n da iyanrìn, tí a tún kà á ní oṣù Keje, ẹ̀bi òjò la máa dì ru iyanrìn. Bí ó bá jẹ́ pé òjò la kọ́kọ́ fi kà á, tí a wá kà á padà lẹ́ẹ̀rùn, agbaṣẹ́ṣe á fò sókè pé iyanrìn òun ló ń bí akàn. Ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ka etíkun náà lẹ́ẹ̀rùn àti lásìkò òjò ṣáájú iṣẹ́, kí a tún máa ka àwọn etíkun mìíràn tó jọ ọ́ tí ẹnikẹ́ni ò da nǹkan sí, kì í ṣe ẹyọ kan. Ohun tó bá yí padà níbí tí kò yí padà lọ́hùn-ún la lè sọ pé iyanrìn ló fà á.

Ẹ má rò pé àwa nìkan la ń fi èyí ṣeré. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń da iyanrìn sí etíkun láti ìgbà iṣẹ́ Coney Island ní 1922. Ní 2005, Charles Peterson àti Melanie Bishop gbé ìwádìí 46 lórí iṣẹ́ báyìí yẹ̀ wò nínú ìwé ìròyìn BioScience. Nínú ọgọ́rùn-ún, 11 péré ló ro ti ìyàtọ̀ ibi àti ti ìyàtọ̀ àkókò papọ̀. Ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ ohun tí ẹ̀rí wọn kò tó láti gbé. Orílẹ̀-èdè tó lówó tó bẹ́ẹ̀!

Àwọn tó ṣe é dáadáa fún wa ní èsì tí kò jọra. Ní New Jersey, níbi tí iyanrìn tuntun ti bá ti tẹ́lẹ̀ mu, àwọn ẹ̀dá etí omi padà láàárín oṣù 2 sí oṣù 6 àti ààbọ̀. Ní San Diego, lẹ́yìn iṣẹ́ 2012 tí wọ́n tọpinpin ní etíkun mẹ́jọ, àwọn kan, pàápàá ekòló òkun, kò tíì pé bíi ti tẹ́lẹ̀ nígbà tí oṣù 15 pé. Ní North Carolina, níbi tí wọ́n ti da iyanrìn líle tó kún fún ìkarahun, Donax wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ọdún bíi mẹ́ta sí mẹ́rin, àwọn ẹyẹ tó ń jẹ wọ́n sì wá ibòmíràn gbà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé oṣù mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀ ń gbà, ẹ bi í pé iyanrìn wo.

Àwọn aládùúgbò wa náà ti da iyanrìn sí etíkun tiwọn. Ohun tí ògiri òkúta ṣe fún Èkó ni èbúté Lomé àti ti Kútọ̀nù ṣe fún Togo àti Olómìníra Benin. Lábẹ́ WACA, ètò ìtọ́jú etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀, wọ́n ti da iyanrìn tó lé ní mílíọ̀nù 6 kúbíìkì mítà sí ojú kan nítòsí Grand-Popo, kí ìgbì fúnra rẹ̀ máa pín in káàkiri. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands ni èrò náà ti wá. Ní 2011, wọ́n da mílíọ̀nù 21.5 sójú kan. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n inú rẹ̀, torí ojú kan ṣoṣo ni a sin, ìyókù ń gba iyanrìn díẹ̀díẹ̀. Ìlà oòrùn ni iyanrìn Grand-Popo yẹn kọrí sí, ìyẹn ọ̀dọ̀ tiwa, bí èbúté Kútọ̀nù ò bá kọ́kọ́ gbà á.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi irú iṣẹ́ yìí tàn yín ní ti Ayétòrò ní Ìlàjẹ. Ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947 yẹn, òkun ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, àánú wọn sì ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ni etíkun tiwọn, kì í ṣe iyanrìn. Ẹrẹ̀ ló lọ títí dé ẹnu odò Benin. Bí ẹ bá da iyanrìn síbẹ̀, á máa rì. Èyí tó bá sì dúró á lé àwọn ẹ̀dá inú ẹrẹ̀ lọ, àwọn àjèjì á wọlé. Ìbéèrè ibẹ̀ kì í ṣe ìgbà tí wọ́n á padà dé, bí kò ṣe ta ni yóò gba ipò wọn, àti kí ni apẹja á máa pa.

Ibi tí a ti wa iyanrìn náà nílò asẹ́. Kòtò tí ọkọ̀ afàyanrìn bá gbẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀sà, omi kì í rìn níbẹ̀ dáadáa, ẹrẹ̀ á kún un, atẹ́gùn tí ẹja ń mí á dín kù ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òfin kan náà ló mú wa ní Rẹ́mọ. Bí típà bá ń wọ odò Ìbú, ẹ ka ohun tó wà lókè ibi tí wọ́n ti ń wà á, ẹ ka ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ní Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Ìlíṣàn lè bẹ̀rẹ̀ nínú sáà ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀.

Kí agbaṣẹ́ṣe má ṣe jẹ́ òǹkà. Iye iyanrìn tó bá dà ni wọ́n fi ń sanwó fún un. Àwa ní ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, ní Victoria Island láti 1975. Àwọn apẹja sì mọ etíkun ju gbogbo wa lọ. Ẹ so wọ́n pọ̀, kí owó iṣẹ́ wọn sì wà lọ́tọ̀ nínú ìṣúná, kó tó di pé owó bẹ̀rẹ̀ sí í tán.

Ìpínlẹ̀ Ògùn ní etíkun tirẹ̀, bó tilẹ̀ kéré, ní Ogun Waterside. Lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé àdéhùn iyanrìn wá fún etíkun yẹn, ẹ béèrè ìwé òǹkà ọdún tó ṣáájú: ihò akàn mélòó, ní oṣù wo, ta ló kà á, etíkun wo ni wọ́n fi wé e. Bí wọ́n bá ní ẹ̀yìn iṣẹ́ làwọn yóò kà á, ẹ má tọwọ́ bọ̀ ọ́.