Adìyẹ Díẹ̀ Lẹ́yìnkùlé
Ẹ̀yin ará Kétu, Ìkòsí àti Máìlì 12 ní Èkó, ẹ gbọ́ o. Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín ná. Tí odò Ògùn bá kún, Agílítí àti Ajégúnlẹ̀ máa ń mọ̀ ọ́n lára. Torí náà, orí òpó ni kí ẹ kọ́ ilé adìyẹ sí.

Ẹ̀fọ́ tó ṣẹ́kù lọ́jà dára fún wọn, àmọ́ kì í ṣe èyí tó ti jẹrà. Àkùkọ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ẹyin jíjẹ lẹ ń wá, abo ò nílò rẹ̀ kó tó yé. Ẹ jẹ́ káwọn ará ilé kejì sùn, kí kíkọ àkùkọ má jí wọn.

Àrùn lúkúlúkú gan-an ni ọ̀tá adìyẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ọ̀sìn ní Vom, nítòsí Jos, ń ṣe àjẹsára kan lòdì sí i, tí wọ́n ń kán sí adìyẹ lójú. Ooru kì í tètè bà á jẹ́. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń tún un kán. Tí àìsàn bá ti wọlé, ó ti pẹ́ jù.

Adìyẹ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí adìyẹ bá ń kú lójijì, ẹ má pa èyí tó kù jẹ o. Ẹ pe dókítà ẹran. Ó lè má jẹ́ lúkúlúkú: ní 2015, àìsàn ẹyẹ tó lè ran èèyàn ló wọ Èkó.