Ọmọ Ilé-Ìwé Tó Wá Sóko Yín: Ẹ Fi Ewé Kókò Hàn Án

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan àwọn ọmọ tí ẹ máa ń rí lóko nígbà òjò, tí wọ́n mú ìwé àti bírò lọ́wọ́, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ bi yín ní ìbéèrè. Àwọn kan nínú yín ń pè wọ́n ní ọmọ I.T. Láti ọdún 1973 ni ètò tí ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ gidi ti bẹ̀rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, àwọn tí ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń lo púpọ̀ nínú ọdún kẹrin wọn lóko. Àwọn mìíràn sì ń wá ṣe ìwádìí tí wọn yóò fi gboyè jáde.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: inú ọ̀pọ̀ yín kì í dùn láti rí wọn. Bí ọmọ náà bá béèrè iye éékà tí bàbá ń dá, bàbá tí ó ń dá mẹ́rin á ní méjì ni. Ẹ̀rù owó orí ló ń fa èyí. Ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà ọdún 1968 sí 1969 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn àgbà, ẹni tí ó bá sì ti rí irú ìyẹn kì í yára ka ohun ìní rẹ̀ fún ẹni tí ó mú bírò dání. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí irọ́ kékeré náà ń já sí. Ẹ dá éékà mẹ́rin, ẹ kórè ọgọ́rin àpò. Ogún àpò ni éékà kan mú wá. Bí ẹ bá sọ fún ọmọ náà pé éékà méjì ni, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ogójì àpò ni éékà kan ń mú wá ládùúgbò yín. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá sọ bẹ́ẹ̀, ohun tí ìwé yóò wí ni pé ilẹ̀ yín lọ́ràá ju bí ó ti rí lọ. Ẹni tí ó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ pé ẹ kò nílò ajílẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹ̀bi tiwọn. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ oko. Abẹ́ igi lẹ́bàá ọjà ni wọ́n jókòó sí tí wọ́n ti kọ ìdáhùn kún ìwé. Àwọn mìíràn gba gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu yín, wọ́n lọ, ẹ kò sì gbúròó wọn mọ́. Ìyẹn kò dára, ẹ má sì gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ẹ̀yin ará Òkukù kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa gba oníwádìí lálejò. Ní ọdún 1974 ni Karin Barber, obìnrin kan láti Ìlú Ọba, dé sí ìlú yín. Ó gbé láàárín yín fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ó kọ́ oríkì lẹ́nu àwọn ìyá, ìwé rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1991. Bí a bá lè ki oríkì orílẹ̀ fún àlejò, kí ló dé tí a ó fi iye ebè pamọ́ fún ọmọ tiwa?

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni kókò. Kókò tí a ń sè jẹ ni mo wí o, kì í ṣe kòkó tí a ń tà fún òyìnbó.

Orílẹ̀-èdè erékùṣù kékeré kan wà ní Òkun Pàsífíìkì tí ń jẹ́ Samoa. Bí iyán ti rí lọ́dọ̀ tiwa ni kókò rí lọ́dọ̀ wọn. Irú kókò kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní Niue, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo oko àwọn tí ń gbìn ín ránṣẹ́ sókè òkun. Ní ọdún 1993 ni àrùn kan bọ́ sórí ewé rẹ̀. Láàárín ọdún kan sí méjì, kókò tí wọ́n ń rà lọ sí New Zealand fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Yunifásítì tí àwọn erékùṣù agbègbè náà jọ ní, University of the South Pacific, ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Alafua, ní Samoa. Àwọn onímọ̀ ibẹ̀, tí Tolo Iosefa wà lára wọn, kò ti ilẹ̀kùn mọ́rí ṣe ìwádìí. Ní ọdún 1999 wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ tí àgbẹ̀ àti oníwádìí fi jọ ń pàdé. Wọ́n mú kókò tí ó lè fara da àrùn náà wá láti Palau àti láti Filipíìnì ní Éṣíà, wọ́n fi ṣe àdàlù pẹ̀lú ti Samoa, wọ́n sì pín àwọn ọmọ rẹ̀ fún àgbẹ̀ láti gbìn sí oko wọn. Àwọn àgbẹ̀ ló ń wò ó, àwọn ló ń sè é, àwọn ló ń sọ èyí tó dùn lẹ́nu àti èyí tí kò dùn. Èyí tí wọ́n yàn ni yunifásítì tún fi ṣe àdàlù mìíràn. Nígbà tó yá, Samoa tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó kókò lọ sí New Zealand.

Kí ni tiwa níbẹ̀? Àrùn kan náà ti dé ọ̀dọ̀ wa. Láàárín ọdún 2009 sí 2010 ni wọ́n rí i ní Nàìjíríà, ní Kamẹrúùnù àti ní Gánà. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2011.

Ẹ lè dá a mọ̀. Àmì róbótó aláwọ̀ ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yọ lójú ewé, bí ẹni pé omi gbígbóná ta sí i. Bí ẹ bá dé oko ní kùtùkùtù, kí ìrì tó gbẹ, ẹ ó rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun létí àmì náà, àti omi pupa rúsúrúsú tó ń kán bí oje. Àmì yóò fẹ̀, wọn yóò pàdé ara wọn, ewé yóò sì jẹrà láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta. Òjò àti òtútù òru ló ń ràn án. Ó tún ń bá èbù tí a gbé láti oko kan lọ sí òmíràn rìn. Kókò tí igi ewé rẹ̀ so mọ́ àárín ikùn ewé ni ó ń bá jà. Èyí tí igi ewé rẹ̀ so mọ́ etí, níbi tí ewé ti là, kì í mú un.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gbé èbù láti oko tí ó ní àrùn yìí. Ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín kókò kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, kí ẹ sì já ewé tí àmì bá ti yọ lára rẹ̀, kí ẹ gbé e jìnnà sóko, nígbà tí kò tíì pọ̀.

Ibi tí ọmọ I.T. ti wúlò nìyí. Ẹ má kàn kó ọkọ́ lé e lọ́wọ́ kí ó máa ro oko lọ́fẹ̀ẹ́ títí tí àkókò rẹ̀ yóò fi pé. Ẹ ní kí ó sàmì sí ìdí kókò mẹ́wàá, kí ó máa ka ewé tútù orí wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó sì kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ sílẹ̀. Ẹ sọ iye ebè fún un bí ó ti rí. Lékè gbogbo rẹ̀, bí ìdí kan bá wà tí ewé rẹ̀ dúró tútù nígbà tí gbogbo àwọn yòókù ti gbẹ, ẹ mú un débẹ̀, ẹ sọ orúkọ tí ẹ ń pe irú kókò náà àti ẹni tí ó fún yín ní èbù rẹ̀. Irú ìyẹn gan-an ni àwọn tí ń ṣe àdàlù ń wá kiri, kò sì sí olùkọ́ tí ó lè rí i láti inú ọ́fíìsì.

Kí ó tó lọ, ẹ gba ẹ̀dà ohun tí ó kọ. Bí ẹ kò bá mọ̀wé, ẹ ní kí ó kà á sí yín létí lédè Yorùbá, lójú ọmọ yín tàbí aládùúgbò. Bí ó bá ní kò sáyè, ẹ béèrè orúkọ olùkọ́ tí ó rán an wá.

Ẹni tí ó bá sì ní kókò lóko báyìí kò ní láti dúró de akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Ẹ lọ wo ewé rẹ̀ lówùúrọ̀ ọ̀la kí oòrùn tó ràn. Bí ẹ bá rí àmì tí a wí yìí, ẹ já ewé kan, ẹ dì í sínú bébà gbígbẹ, kí ẹ mú un lọ fún òṣìṣẹ́ OSSADEP tó súnmọ́ yín.