Kí Ló Pa Adìyẹ Yín? Ẹ Jẹ́ Kí Àyẹ̀wò Sọ Ọ́

Ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí ohun tó yẹ kí á ṣe nígbà tí adìyẹ bá ń kú lójijì, kí á tó ronú àtita èyí tó kù.

Bí adìyẹ bá ń wú lójú, tí ogbe orí rẹ̀ ń dúdú, tí mẹ́wàá kú lónìí, tí ogójì kú lọ́la, ọ̀pọ̀ wa a máa sọ pé Newcastle ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí àrùn bird flu náà ṣe ń pa adìyẹ nìyẹn. Ojú lásán kò lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àyẹ̀wò nìkan ló lè ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọdún 2006. Láti oṣù kìíní ni adìyẹ ti ń kú ní oko ńlá kan ní Jájí, ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹranko ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, nítòsí Jos, èyí tó ti wà láti 1924, ṣe àyẹ̀wò. Wọ́n tún fi ránṣẹ́ sí Padova ní Ítálì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejì ni wọ́n kéde pé bird flu H5N1 ni. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n rí i ní Áfíríkà. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, wọ́n ti rí i ní Kánò àti Plateau. Nígbà tó di 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó. Ní 2015, ó tún padà wá.

Kí ni ẹ ó ṣe, nígbà náà? Ẹ tètè ránṣẹ́ sí dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ẹ má la adìyẹ náà fúnra yín. Ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú sínú ọ̀rá méjì, kí ẹ gbé e sórí yìnyín. Èyí tó ti jẹrà kò wúlò fún àyẹ̀wò. Dókítà yóò fi òwú nu ọ̀nà ọ̀fun àti ìdí àwọn tó ń ṣàìsàn, yóò sì fi í ránṣẹ́. Ẹ sọ ọjọ́ tí ikú bẹ̀rẹ̀, iye tó kú, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ẹ ti lò. Ẹ má sáré da oògùn sínú omi wọn: oògùn tó ń pa bakitéríà kò lè pa kòkòrò Newcastle tàbí ti bird flu.

Ẹnìkan lè ní, "Bí mo bá sọ, ìjọba yóò pa gbogbo adìyẹ mi." Òótọ́ ni pé bí ó bá jẹ́ bird flu, wọn yóò pa wọ́n. Ní 2006, 250 náírà ni ìjọba ń san lórí adìyẹ kan, ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ló sì sọ pé kò tó. Ìrora gidi ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó kó adìyẹ aláìsàn lọ sọ́jà ti kó àrùn lọ bá aládùúgbò. Kíréètì ẹyin, àgò, àti táyà ọkọ̀ yóò sì tún gbé e padà wá. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí á sùn lóru.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà dókítà ẹran àti kúlà kan lọ́wọ́. Bí adìyẹ ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ń kú, kí ẹnikẹ́ni má yá kíréètì tàbí àgò lọ́wọ́ ara wọn títí èsì yóò fi dé. Ẹ má jẹ òkú adìyẹ, ẹ má sì jù ú sódò. Lẹ́yìn tí dókítà bá ti mú tirẹ̀, ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, kí ẹ sin ín.

Ọ̀sìn yín kò ní run o. Ó dìgbà kan ná.