Iṣẹ́ Àkànṣe fún Ọmọ Kíláàsì Kìíní

Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó kọ́kọ́ wọ ilé-ìwé ní Ìkọ̀lé, ní Ọ̀yẹ́ tàbí ní Ìdó kò mú orí òfìfo wá. Ó ti bá ìyá rẹ̀ ka iṣu sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó sì ti mọ irú òjò tí í mú ilẹ̀ rọ̀ fún ebè kíkọ. Ìṣirò ni èkíní, sáyẹ́ǹsì ni èkejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó pè é bẹ́ẹ̀ fún un. Ìbéèrè tí ó wà níwájú àwọn olùkọ́ ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí a pín irú ìmọ̀ báyìí sí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọmọ náà ní ọdún kìíní, kí olúkúlùkù sì ní olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú?

Àwọn tí kò fara mọ́ ọn ní àwíjàre tí ó lágbára. Wọ́n ní ọmọdé ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ni, ojú kan ni ó yẹ kí ó máa rí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé lára láti fi olùkọ́ tí ó dé kẹ́yìn sí kíláàsì kìíní, kí wọ́n sì fi àgbà olùkọ́ pa mọ́ fún kíláàsì tí yóò ṣe ìdánwò. Ojú kan tí ọmọ ń rí náà ńkọ́, bí ẹni tí ó ni ojú náà kò bá mọ ohun tí ó ń kọ́ni?

Ìdánwò kan ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí nítòsí ilé. Ní January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Módákẹ́kẹ́, pẹ̀lú ìrànwọ́ owó láti ọ̀dọ̀ Ford Foundation. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ àti àṣà, láti kíláàsì kìíní dé ìkẹfà. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n yà sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ àkànṣe, wọ́n sì fi lé olùkọ́ tí a dá lẹ́kọ̀ọ́ fún un lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n fi wé wọn yí padà sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí ìṣe àtijọ́. Nígbà tí a dán gbogbo wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá ọlọ́dún mẹ́fà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé kíkọ́ni ní èdè abínibí rọrùn. Ẹ wo òǹkà. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, àròpọ̀ ni ọmọ ń ṣe: ó ń fi kún ẹ̀wá. Bí ó bá dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀nà yí padà. Ogún ni ó ti ń yọ márùn-ún kúrò. Bí ó bá dé márùndínláàádọ́ta, ogún lọ́nà mẹ́ta ni yóò kọ́kọ́ mú, yóò yọ ẹ̀wá, yóò tún yọ márùn-ún, kí ó tó rí 45. Ìlọ́po àti àyọkúrò nìyẹn nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo! Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò kàn ní kí àwọn ọmọ máa ké òǹkà bí orin. Olùkọ́ tí ó mọ̀ yóò to ogún ẹkùrọ́ sílẹ̀, yóò ní kí ọmọ kó márùn-ún kúrò, yóò sì bi í léèrè ohun tí ó kù. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ kan fi dábàá òǹkà tí a gbé ka ẹ̀wá fún ilé-ìwé. Àbá náà rọrùn, ṣùgbọ́n òǹkà àwọn ìyá ní ọjà kò yí padà.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní November 2022 pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní November 2025, ó fagi lé e, ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni. Ṣùgbọ́n ní apá àríwá Èkìtì, ìṣòro mìíràn wà tí òfin méjèèjì kò dárúkọ. Yorùbá inú ìwé kọ́ ni ọmọ Ìkọ̀lé ń sọ nílé. "Ulé" ni ó ń pe ilé, "uṣu" ni ó ń pe iṣu. Olùkọ́ kan yóò fi pẹ́ńsù pupa fà á, ọmọ yóò sì gbà pé èdè ìyá òun ni àṣìṣe. Olùkọ́ tí ó gbọ́ iṣẹ́ yóò kọ "ilé" sójú pátákó, yóò jẹ́ kí ọmọ fi ẹnu ara rẹ̀ pè é ní "ulé" lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, yóò sì bi gbogbo kíláàsì léèrè pé: ta ni ó tún mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a ń pè báyìí nílé, tí ìwé ń kọ lọ́nà mìíràn? Ọwọ́ yóò sì nà sókè.