Kí Ni Ó Ń Dún Nínú Bátìrì Ọkọ̀? Ìlànà Ìgbọ́ràn fún Ọlọ́kọ̀ Oníná Mànàmáná



1. Ìfáàrà

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀rẹ́ mi kan fi ọkọ̀ oníná mànàmáná rẹ̀ gbé mi dé oríta Ìtamaga ní Ìkòròdú, níbi tí ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́ ti yà. Ó pa ọkọ̀ náà, a sì jókòó sínú rẹ̀, à ń dúró de ẹni tí a fẹ́ pàdé. Lójijì ni nǹkan dún "kọ̀!" lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Kò pẹ́ tí òmíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn "hùn-ùn-ùn", bí ẹni pé oyin wọ inú ọkọ̀. Ìyá kan tí ó ń ta ọsàn nítòsí gbé àtẹ rẹ̀, ó sún sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi ṣí ilẹ̀kùn, ó bẹ́ sílẹ̀, ó ní òun yóò ta ọkọ̀ náà kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kò sí ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ìbéèrè kan ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi: bí ọ̀rẹ́ mi bá lè sá fún ìró tí kò lè pa eèrà, ǹjẹ́ yóò dá ìró tí ó lè pa ènìyàn mọ̀ nígbà tí ó bá dún? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò ní ọjọ́ òní.

2. Etí tí ẹ́ńjìnnì kọ́

Àwọn àgbà ní àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán. Bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ni ó ń lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ìró rí: kò sí èyí tí ó ń dún lásán. Mẹkáníìkì wa mọ èyí dájú. Ó lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ epo, kí ó tẹ́tí sílẹ̀, kí ó sì sọ pé pílọ́ọ̀gì kan kò ṣiṣẹ́, láìtíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ó fi kọ́ etí rẹ̀. Àwa náà kọ́ tiwa. Ọ̀nà tí ó yà ní Ìtamaga yẹn ni ó lọ sí agbègbè Ẹ̀gbin, níbi tí ilé iṣẹ́ tí ń pèsè iná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985, tí a kọ́ ọ láti pèsè mẹ́gáwáàtì 1,320. Síbẹ̀, ọmọ tí a bí sí ẹ̀bá ọ̀nà náà mọ ohùn jẹnẹrétọ̀ bí ó ti mọ ohùn ìyá rẹ̀.

Ọkọ̀ oníná kò ní ẹ́ńjìnnì tí ń bú. Ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ṣe ìlànà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọdún 2016 nípa ohùn àtọwọ́dá tí yóò máa kìlọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2021, gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí a bá tà ní tuntun ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbọ́dọ̀ ní in. Òfin ti bójú tó etí ẹni tí ń kọjá lójú títì. Etí ẹni tí ó jókòó sórí bátìrì ńkọ́?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè ni èyí. Ní ọdún 2020 ni a fi ọkọ̀ Hyundai Kona oníná tí ilé iṣẹ́ Stallion tò pọ̀ ní Èkó han gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2023 ni LAMATA àti Oando jọ bẹ̀rẹ̀ sí í dán bọ́ọ̀sì oníná wò ní Èkó. Ní Kútọnu àti ní Lomé, àwọn ọlọ́kadà ti ń lo alùpùpù Spiro, tí wọ́n ń fi bátìrì tí ó tán gba èyí tí ó kún.

3. Ìró tí a lè fi sílẹ̀

Àkójọ bátìrì ọkọ̀ jẹ́ àpótí pẹrẹsẹ tí ó sábà máa ń tẹ́ sí abẹ́ ọkọ̀. Ẹyọ bátìrì tí ó wà nínú rẹ̀ lè jẹ́ bí ọgọ́rùn-ún, ó sì lè jẹ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó nǹkan bíi fóòtì 400, bẹ́ẹ̀ ni ti iná ilé wa kò ju 230 lọ. Nítorí èyí, a kì í jẹ́ kí iná náà kúrò nínú àpótí nígbà tí a kò bá lò ó. Ilẹ̀kùn onírin kan ni ó sé e mọ́ ibẹ̀. Kọ̀ǹtátọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí a bá tan ọkọ̀, tàbí tí a bá pa á, tàbí tí ṣáàjì bá bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó bá parí, irin a pàdé irin, a sì dún "kọ̀". Ọkọ̀ mìíràn tilẹ̀ ń ṣí ilẹ̀kùn yìí fúnra rẹ̀ lóru láti fi iná kún bátìrì kékeré oní-fóòtì 12.

Èkejì ni "hùn-ùn-ùn" àti "gbulu-gbulu". Bátìrì kò fẹ́ ooru. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pọ́ǹpù ni ó ń ti omi yí i ká, tí fáànù sì ń bá a mú ooru kúrò. Wọ́n lè máa ṣiṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí a ti pa ọkọ̀. Bí afẹ́fẹ́ díẹ̀ bá wà nínú omi náà, yóò dún bí omi tí a ń dà láti inú kèrègbè.

Ẹ̀kẹta ni "pá". Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ kí páànù òrùlé dún nígbà tí oòrùn bá wọ̀? Irin a máa gbòòrò nínú ooru, a sì máa sún kì nínú òtútù. Bí abala alumíníọ́mù tí ó gùn ní mítà 2 bá fi ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì 30 gbóná sí i, yóò fi nǹkan bíi mìlímítà 1.4 gùn sí i. Bí ìdè bá dì í mú tí kò ráyè sún díẹ̀díẹ̀, yóò sún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a ó sì gbọ́ ọ.

Ẹ ó rí i pé kọ̀ǹtátọ̀ àti pọ́ǹpù nìkan ni ó lé ọ̀rẹ́ mi jáde ní Ìtamaga.

4. Ìró tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò

Bí "gbọ̀-gbọ̀" bá ń dún lábẹ́ ọkọ̀ nígbàkúùgbà tí a bá wọ kòtò, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó lè jẹ́ pé nọ́ọ̀tì ti tú, tàbí pé òkúta ti tẹ irin tí ó dáàbò bo bátìrì. Bí "kọ̀" bá ń dún léraléra tí ọkọ̀ kò sì tan, àrùn ni. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ bátìrì ọkọ̀ ni kí á gbé e lọ. Alurinmọ́rin kò gbọ́dọ̀ fi iná kan abẹ́ ọkọ̀ náà, bí ó ti wù kí ó mọ iṣẹ́ tó.

5. Ìró tí a gbọ́dọ̀ sá fún

Èyí tí ó léwu jù kọ́ ni ó ń pariwo jù. Bí ẹyọ bátìrì kan bá bàjẹ́ nínú, yálà nítorí ìkọlù, tàbí àbùkù láti ilé iṣẹ́, tàbí ooru àpọ̀jù, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í mú ooru jáde fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀. Fáàfù ààbò rẹ̀ yóò já, "pó". Afẹ́fẹ́ náà yóò máa tú jáde, "ṣììì", pẹ̀lú èéfín funfun. Ooru yóò ran ẹyọ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a ó sì gbọ́ "pó-pó-pó". Háídrójìn wà nínú afẹ́fẹ́ yìí, èyí tí ó tètè ń gbiná. Carbon monoxide náà wà níbẹ̀, èyí tí ń pa ènìyàn láìní òórùn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ní ọdún 2024, Wai Cheong Tam àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní NIST, ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà, sọ ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ti gba ìró bátìrì 38 tí ó bú gbàmù sílẹ̀, wọ́n sì fi kọ́ kọ̀ǹpútà láti dá ìró jíjá fáàfù mọ̀. Nínú ìdánwò wọn, ó dá a mọ̀ nígbà 94 nínú 100. Nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì ni ó máa ń wà láàárín ìró náà àti iná. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìṣẹ́jú méjì tó láti gbé ọmọ jáde nínú ọkọ̀, bí ẹni tí ó gbọ́ bá mọ ohun tí ó gbọ́.

Nítorí náà, bí "ṣììì" bá ń jáde lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú èéfín, kí gbogbo ènìyàn bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n jìnnà réré, kí wọ́n sì pe 767 tàbí 112 ní Èkó. Kí ẹnikẹ́ni má padà lọ mú ẹrù. Kí a sọ fún panápaná pé ọkọ̀ oníná ni, nítorí omi púpọ̀ ni ó ń gbà, iná náà sì lè tún sọ lẹ́yìn wákàtí tàbí ọjọ́ mélòó kan. Àwa tí a ń gbé létí ọ̀sà ní láti fi èyí kún un: ní Florida, lẹ́yìn ìjì Ian ní ọdún 2022, àwọn ọkọ̀ oníná tí omi iyọ̀ bò gbiná. Ọkọ̀ tí omi bá bò kò gbọ́dọ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilé.

6. Orúkọ ni oògùn rẹ̀

Mo ti ń fi "kọ̀" àti "pá" àti "ṣììì" pe àwọn ìró wọ̀nyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé eré ni mo ń ṣe. Èdè wa ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu, kò sì sí ọmọ Yorùbá tí yóò ṣi "ṣììì" gbọ́ sí "kọ̀". Ní ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ní Ilé-Ifẹ̀ láti fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, títí kan ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Èdè yìí náà ni ọ̀gá mẹkáníìkì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Ìkòròdú. Bí ìkìlọ̀ bátìrì bá wà ní èdè òkèèrè nìkan, ta ni yóò kà á fún ọmọ iṣẹ́ náà?

7. Ìkádìí

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tóbi. Kí àwa onímọ̀ èdè jókòó pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì, kí a kọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá: ìró tí a lè fi sílẹ̀, ìró tí a gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò, ìró tí a gbọ́dọ̀ sá fún. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì àti ibùdó ọkọ̀, láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi kò ta ọkọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó bá dún "kọ̀", ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un, mo sì tún ń sọ ọ́ níhìn-ín, pé ní ọjọ́ tí ó bá gbọ́ "ṣììì", kí ó má dúró parí gbólóhùn.